Ọwọ́ Tí Mo Fi Ń Gbé Oúnjẹ fún Àgbà

Ìgbọ̀nwọ́ mi ọ̀tún ló kọ́kọ́ bá Ọ̀gá Máríò sọ̀rọ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé àwọn olówó rìnrìn afẹ́ ni. Wọ́n ní kí n gbé abọ́ ọbẹ̀ gbígbóná fún un bí ẹni pé àlejò ni. Ó jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé, èmi sì dúró sí apá òsì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí. Ọwọ́ òsì ló yẹ kí n fi gbé abọ́ náà síwájú rẹ̀. Ọ̀tún ni mo fi gbé e. Bí ènìyàn bá dúró lápá òsì, kí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó dé iwájú ẹni tó jókòó, àfi kó gba ojú onítọ̀hún kọjá. Ìgbọ̀nwọ́ mi gbá awò ojú Ọ̀gá, awò náà sì bọ́ sínú ọbẹ̀.

Ó fi ṣíbí yọ ọ́, ó nù ún, kò pariwo.

"Ṣé ọwọ́ òsì rẹ ń dùn ọ́ ni?"

"Rárá, sà."

"Kí ló wá dé?"

Mo sọ òótọ́ fún un. "Nílẹ̀ wa, sà, a kì í fi ọwọ́ òsì gbé nǹkan fún àgbà."

Ó wò mí títí. "Èmi ni àgbà yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Lọ gbé ọbẹ̀ mìíràn wá. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi awò mi sápò ná."

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nílé wa. Èsìẹ́ ni wọ́n ti tọ́ mi, lọ́dọ̀ ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo agboolé ń pè ní Ìyá Àgbà. Bí o bá fi òsì na nǹkan sí i, kò ní gbà á. Bí o bá fi òsì gba ẹran lọ́wọ́ rẹ̀, ẹran á padà sínú ìkòkò, á sì gbá ọ lọ́wọ́ pàá. Àṣà ní kí a má ṣe é, ilé kéwú náà ní kí a má ṣe é, wọ́n ní ṣàìtánì ló ń fi òsì jẹun. A kì í sáà fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ká tó wá sọ ti fífi gbé ọbẹ̀ fún ẹni tó tó bàbá ẹni í bí.

Ọ̀gá Máríò kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ará Íńdíà ni, láti ìlú kan létí òkun, irun rẹ̀ ti funfun, òun sì ni olórí gbogbo àwa tí a ń ṣe bọ́tílà, ìránṣẹ́ àdáni fún àlejò, nínú ọkọ̀ náà. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó ṣe é kí n rí i. Bí o bá fi òsì gbé abọ́ láti apá òsì, àyà rẹ àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ á ṣí sí àlejò, bí ẹni tó ń sọ pé ẹ gbà. Bí o bá fi ọ̀tún gbé e, ìgbọ̀nwọ́ ni àlejò á rí. Ohun mímu nìkan ló ń gba apá ọ̀tún wá, pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún.

Ó ní, "Nílé yín, ọwọ́ tí ẹ fi gbé e ni ọ̀wọ̀ wà. Níbí, bí ara rẹ ṣe dojú kọ ẹni náà ni ọ̀wọ̀ wà. Ọ̀wọ̀ kan náà ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbọ́ ọ. Ó pẹ́ kó tó gbà. Nígbà tó gbà náà, gbogbo ìgbà tí mo bá fi òsì gbé abọ́ síwájú arúgbó kan, ẹnu mi á sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ má bínú, òsì ni o." Obìnrin òyìnbó kan bi mí léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ni mo máa ń sọ bí mo bá gbé oúnjẹ wá. Mo ní à ń ṣàdúrà pé kí oúnjẹ ó gba ibi ire lọ ni. Inú rẹ̀ dùn, òun náà sì kọ́ ọ. Títí ó fi sọ̀kalẹ̀, bó bá ti fẹ́ jẹun á ní, "Òsì ni o."

Nígbà tí mo kọ́kọ́ délé fún ìsinmi, àbúrò bàbá mi tó ń ṣe tíṣà ní Òmù-Àrán, Bàbá Kékeré, pè mí jókòó. Ó ní, "Àlàó, ṣé torí kí o lè máa gbé tíì fún òyìnbó lo ṣe lọ sí poli Ìlọrin? Ọmọ ọ̀dọ̀ nìyẹn o, kò lórúkọ méjì." Mo rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá fi tọkàntọkàn dá a lóhùn, ilẹ̀ á ṣú.

Ohun tí mo padà ṣàlàyé fún un nígbẹ̀yìn ni màá ṣàlàyé fún ẹni tó bá ń ka èyí. Àwọn yàrá kan wà lókè ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó ju yàrá lọ: ó ní pálọ̀, ó ní yàrá ibùsùn, ó ní balùwẹ̀ tí ènìyàn lè sùn sí, ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó dojú kọ òkun. Ẹni tó bá gba irú yàrá bẹ́ẹ̀, bọ́tílà ń bẹ fún un. Èmi ni á pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá fẹ́, màá tú ẹrù rẹ̀, màá fi aṣọ kọ́, màá to bàtà, màá lọ aṣọ tó fẹ́ wọ̀ nírọ̀lẹ́. Kọfí àárọ̀ á dé lásìkò tó bá dá, bó ṣe máa ń mu ún nílé rẹ̀ gan-an. Bó bá fẹ́ jẹun nínú yàrá, kì í ṣe kí n kó gbogbo rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni gbé oúnjẹ wá fún alágbàṣe lóko: abọ́ kan á tẹ̀ lé òmíràn, gbígbóná á gbóná, tútù á tutù. Èmi ni màá bá a gba àyè níbi tí èrò pọ̀ sí, èmi ni màá pe dókítà, èmi náà ni màá di ẹrù rẹ̀ nígbà tí ìrìn bá parí, pẹ̀lú bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárín aṣọ kí ó má baà rún.

Bí Ọlọ́run bá gbé ọ dé irú yàrá bẹ́ẹ̀, má tijú o. Àwọn ará ilé wa ló ń tijú jù. Alhaja kan wà tó jẹ́ pé kí n tó kan ilẹ̀kùn láàárọ̀, ó ti tẹ́ ibùsùn, ó ti fọ ife, ó sì ti sá ìborùn rẹ̀ sórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní kò yẹ kí ọmọ ọlọ́mọ máa bá òun ṣe wàhálà. Mo ní, "Alhaja, ẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi tán." Sọ ohun tí o fẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí o kò gbọdọ̀ retí ni kí n sọ fún ọ nípa àlejò yàrá kejì, nítorí ohun tí a bá rí nínú yàrá, inú yàrá ló ń gbé.

Ojú l'ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí wà, Ọ̀gá Máríò ló sì ní ojú. Mo rí i tó gbé bàtà àlejò kan láti fi pọ́líìṣì kùn ún, ó yí ìdí bàtà náà sókè, ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ti jẹ ju èkejì lọ. Ó wọ pálọ̀ lọ, ó gbé àga rírọ̀ kúrò, ó fi èyí tó ga tó sì le rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà dé, tó jókòó, tó tún dìde láìkérora, ó wo àga, ó wo Ọ̀gá, ó ní, "Ta ló sọ fún ọ nípa orúnkún mi?" Ọ̀gá ní bàtà ni. Mo fẹ́ràn Ọ̀gá débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ó ṣe ń rìn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi tọkọtaya àgbà kan sí ìkáwọ́ mi. N kò ní dárúkọ wọn. Bàbá àti Màmá ni mo ń pè wọ́n nínú ọkàn mi. Afárá ni Bàbá fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ. Ó máa ń ki ọwọ́ náà bọ àpò kóòtù, kí ènìyàn lè rò pé ó kàn wù ú bẹ́ẹ̀ ni. Láàárọ̀ èmi ni mo ń bá a de bọ́tìnnì ọrùn ọwọ́ òsì, nítorí kò sí bí ọwọ́ òsì ṣe lè de ti ara rẹ̀. Á wo òkè àjà títí n ó fi de é tán.

Bí mo ṣe ń tú ẹrù wọn, Màmá fúnra rẹ̀ ló mú aṣọ búlúù kan jáde, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ jẹ́jẹ́.

Ó ní, "Èyí ni mo fẹ́ wọ̀ lọ jẹun nínú gbọ̀ngàn ńlá. Ọjọ́ ìrántí ìgbéyàwó wa bọ́ sórí omi yìí. Gbọ̀ngàn tó níná báyìí ló gbé mi lọ lọ́jọ́ tó ní òun fẹ́ mi. Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, a kò tíì jẹun níbi tí ojú ẹlòmíràn wà. Ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ ẹ́ fún."

Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan mo ń lọ aṣọ búlúù. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan Bàbá á ní, "Ọ̀la." Màá gbé oúnjẹ wá sí yàrá. Á yí àga rẹ̀ sí òkun, á kẹ̀yìn sí èmi àti ìyàwó rẹ̀, á máa fi fọ́ọ̀kì lé ẹran káàkiri abọ́. Ìdajì ló ń padà sí kíṣìnnì. Ọjọ́ ìrántí náà ń bọ̀, ọkọ̀ sì ti fẹ́ yí padà sílé. Ojú Màmá ni n kò lè wò nígbà tí mo bá ń fi aṣọ yẹn kọ́ padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá ń sùn, Màmá wà lọ́dẹ̀dẹ̀, mo gbé tíì fún un. Ó ní kí n jókòó. Bọ́tílà kì í jókòó. Mo dúró, ṣùgbọ́n ó bi mí nípa ilé, n kò sì mọ̀gbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti Bàbá Àgbà fún un.

Mo ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí irú àìsàn yẹn mú Bàbá Àgbà, ọkọ Ìyá Àgbà, ní Èsìẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kú. Àgbẹ̀ ni, iṣu rẹ̀ kì í gba orí ẹyọ ènìyàn kan. Ó ní òun kò ní fi ọwọ́ tí òun fi ń fọ ìdí jẹ iyán lójú ọmọ òun. Wọ́n ní kí àwọn máa fi òkèlè sí i lẹ́nu, ó ní òun kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Áfáà wá, ó ní Ọlọ́run yọ̀ǹda fún ẹni tí ara ń ni. Bàbá Àgbà ní òun gbọ́. Kò jẹun. Ó ń gbẹ lójú wa.

Lọ́jọ́ kan Ìyá Àgbà gún iyán. Kò gbé e síwájú ọkọ rẹ̀. Àárín yàrá ló gbé e sí, ó pe gbogbo wa wọlé, ọmọ àti ọmọ-ọmọ, ó ní kí a yí i ká. Ó ki ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sábẹ́ ìró. Ó ní, "Bisimilahi," ó sì na ọwọ́ òsì sínú iyán. Ìyá Àgbà! Ẹni tó ń gbá wa lọ́wọ́!

Ọ̀kan nínú wa kígbe pé, "Ìyá, òsì nìyẹn!"

"Ọlọ́run tó dá ọ̀tún ló dá òsì. Ẹ jẹun."

A fi òsì jẹ ẹ́. Ọbẹ̀ kùn wá dé etí. Òkèlè Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ já bọ́ sí i láyà, ó yí lọ sẹ́sẹ̀ ibùsùn. Bàbá Àgbà wò ó, ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ̀rín bú jáde, ẹ̀rín tí a ti gbàgbé pé ó ní. Ó ní, "Ẹ sún un sọ́dọ̀ mi. Ẹ ò mọ̀ ọ́n jẹ." Láti ọjọ́ yẹn títí Ọlọ́run fi pè é, bí a bá wà nínú yàrá yẹn, òsì ni gbogbo wa fi ń jẹun. Bí o bá jáde sí àgbàlá tí o fi òsì gba ẹ̀pà, Ìyá Àgbà á gbá ọ lọ́wọ́ pàá.

Tíì Màmá tutù sínú ife. Ẹ̀rù bà mí pé mo ti sọ ju ohun tí bọ́tílà ń sọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n tẹ́ tábìlì ọ̀sán sí àárín pálọ̀, kí òun àti ọkọ òun dojú kọ ara wọn. Mo bẹ kúùkù kó gé ẹran àwọn méjèèjì kó tó kúrò ní kíṣìnnì. Mo gbé e kalẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé itan, ó fi òsì mú fọ́ọ̀kì, ó fi gún ẹ̀wà tútù kan, irú èyí tí òyìnbó ń jẹ pẹ̀lú èèpo. Ẹ̀wà náà fò, ó bá fèrèsé.

Bàbá ní, "Kí ló ṣe ọwọ́ rẹ?"

"Kò sí nǹkan. Mo kàn fẹ́ kọ́ ọ ni."

Ó tún gún òmíràn, ìyẹn náà tún sá lọ. Bàbá ń wò ó. N kò mọ̀ bóyá inú ń bí i. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń mú un. Àtàǹpàkò lẹ́yìn. Wò mí." Ó sì mú fọ́ọ̀kì tirẹ̀, ó fi hàn án. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń to àga tí kò fẹ́ títò, torí omi ti lé sí mi lójú.

Nígbà tí mo padà wá palẹ̀ mọ́, abọ́ méjèèjì ti ṣófo. Bàbá bi mí láìgbójú sókè pé, "Aṣọ búlúù yẹn, ṣé o ti lọ̀ ọ́?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti lọ̀ ọ́, sà."

Mo sáré lọ bá Ọ̀gá Máríò, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, ti iyán àti ti ẹ̀wà tútù. Mo ní ká wá tábìlì fún wọn ní kọ̀rọ̀, níbi tí ojú kò ní tó wọn. Ó mi orí. "Bí o bá fi àlejò pamọ́, o ti sọ fún un pé ó yẹ kó tijú." Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ńlá ló fi wọ́n sí, lábẹ́ iná. Ó gbé ife Bàbá kúrò lápá ọ̀tún, ó gbé e sí òsì, ó to ṣíbí àti fọ́ọ̀kì sí òsì, fún Màmá náà bẹ́ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìrántí gan-an ni wọ́n wọlé. Màmá wọ aṣọ búlúù, n kò lè sọ bó ṣe rẹwà tó. Bàbá na ẹ̀yìn ró bí sójà, ọwọ́ ọ̀tún nínú àpò. Mo gbé abọ́ síwájú wọn láti apá òsì, pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Láti ìgbà tí mo ti dé ọkọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnu mi kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Bàbá kò mú fọ́ọ̀kì. Ọkùnrin kan nídìí tábìlì kejì ti bojú wò ó, wíwò lásán, ọwọ́ òsì Bàbá sì ti wọ abẹ́ tábìlì lọ. Màmá wò mí. Mo rí i pé bí Bàbá bá dìde nísinsìnyí, kò tún ní jókòó sí irú ibẹ̀ mọ́ láyé, ìrọ̀lẹ́ tí Màmá ń tọrọ sì ti lọ nìyẹn.

Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá Máríò dé pẹ̀lú ìgò wáìnì. Nínú gbọ̀ngàn, ẹlòmíràn ló ń rọ ọtí. Ọ̀gá gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Apá ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún: òfin tó fi kọ́ gbogbo wa. Apá òsì ló gbà wá. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi òsì gbé ìgò, lójú ọ̀gá gbọ̀ngàn àti gbogbo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́. Ọwọ́ náà kò mọ iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀kán wáìnì kan já sórí aṣọ funfun. Èmi tí mo mọ ọkùnrin yìí, mo lè búra pé ẹ̀kán kan kò já lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ó tẹrí ba. "Ẹ dákun, sà. Mo ṣì ń kọ́ ọ ni."

Bàbá wo ẹ̀kán náà. Ó wo ọwọ́ òsì Ọ̀gá, ó wo tèmi, ó wo ti ìyàwó rẹ̀ tó ti mú fọ́ọ̀kì, tí àtàǹpàkò rẹ̀ wà lẹ́yìn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ọwọ́ tirẹ̀ jáde lábẹ́ tábìlì.

"Gbogbo wa la ń kọ́ ọ," ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Wọ́n jẹ ẹ́ dé orí àkàrà òyìnbó. Wọ́n wà níbẹ̀ títí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń pa iná apá kejì. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, Bàbá na ọwọ́ òsì sí mi láti bọ̀ mí lọ́wọ́, mo sì fi òsì gbà á.

Ọ̀gá Máríò ti fẹ̀yìn tì báyìí, ó ti padà sí etí òkun rẹ̀. Èmi ni mo ń jókòó sídìí tábìlì tí àwọn tuntun ń gbé ọbẹ̀ fún, mo sì máa ń fi awò mi sápò.

Nígbà ìsinmi tí mo lò kẹ́yìn, mo wọ mọ́tò láti Òmù-Àrán dé Èsìẹ́. Ìyá Àgbà ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá Kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bu ọbẹ̀ ẹja gbígbóná fún Ìyá Àgbà. Mo gba apá òsì rẹ̀ wá, àyà mi ṣí sí i, àtẹ́lẹwọ́ mi ṣí sí i, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́.

Ó gbá mi lọ́wọ́ pàá. "Àlàó! Ọwọ́ wo nìyẹn?"

Bàbá Kékeré rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo gbé abọ́ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, mo sì sọ ìtàn náà fún Ìyá Àgbà: Bàbá kan lórí òkun tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kú, tí kò fẹ́ jẹun lójú ènìyàn, àti bí iyán tí Ìyá gún lọ́jọ́ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Kò bi mí bí ọkọ̀ náà ṣe tóbi tó, kò bi mí irú èèyàn tí wọ́n jẹ́.

"Ṣé ó yó?"

"Ó yó, Ìyá."

"Alhamdulilahi." Ó na ọwọ́ méjèèjì. "Fi ọ̀tún gbé ọbẹ̀ yẹn wá kí ó tó tutù."